Ìwé Má-Ṣiṣẹ́ Dókítà Adédoyin

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí pátákó, torí ibẹ̀ ni Dókítà Zechariah Adédoyin fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá gba ọ̀nà Ọ̀rù wọ Àgọ́-Ìwòyè, ẹ ó rí i lápá ọ̀tún, ó ga ju igi ìbẹ́pẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Orúkọ Dókítà ló gba òkè, oyè rẹ̀ gba àárín, àwòrán rẹ̀ tòun ti awò ojú gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ kan. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí àwọn ewúrẹ́ máa ń sùn sí, ni wọ́n wá kọ ọ́ sí ní kékeré pé ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni. Aláìsàn tí kò bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kà á, á rò pé ẹni tó ń dupò gómìnà ló ń polówó ara rẹ̀.

Láàbù Àṣepé kì í ṣe ti Dókítà o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun fúnra rẹ̀ máa ń gbàgbé. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́ àti oníṣòwò ló kọ́ ọ, wọ́n sì fi ìgbìmọ̀ kan ṣe olórí rẹ̀. Màmá Hannah Ọlátúbọ̀sún, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ni alága ìgbìmọ̀ náà. Ìgbìmọ̀ ló gba Dókítà síṣẹ́ ọ̀gá àgbà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi Dókítà léèrè, á ní òun lòun gba ìgbìmọ̀ láàyè.

Láràárọ̀, bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti fọn fèrè lẹ́nu géètì, gbogbo òṣìṣẹ́ á jáde wá tò. Simeon, sẹ́kítárì rẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì gba báàgì rẹ̀ bí ẹni ń gba ìkókó lọ́wọ́ àlùfáà lọ́jọ́ ìsàmì.

"Ojú tó ń rí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀!" Simeon á kígbe.

"Mo wà níbí," Dókítà á dáhùn.

"Bàbá ìtọ̀! Bàbá itọ́!"

"Ó tó, Simeon, ó tó." Ṣùgbọ́n kò ní kúrò lójú kan títí Simeon á fi tún un wí.

Kí n má parọ́ mọ́ ọn, Dókítà kàwé. Àmọ́ ó ti pẹ́ gan-an tó ti fojú kan maikirosikóòpù gbẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kan tí àwọn àlejò wá, tó fẹ́ fi iṣẹ́ hàn wọ́n, ó tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ náà, ó wò ó títí, ó gbórí sókè, ó ní, "Háà! Àìsàn yìí le. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ kedere." Irun ìpéǹpéjú ara rẹ̀ ló rí.

Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ tó le níbẹ̀ ni Nimotalahi Ràímì. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ń bá ẹ̀jẹ̀ mìíràn jà, tí ẹ̀rù fi máa ń ba àwọn dókítà láti fà á sí aláìsàn lára, òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń wá èyí tó máa bá a mu. Yunifásítì ló ti kọ́ ọ, abẹ́rẹ́ ìránṣọ ìyá rẹ̀ ló sì rán an níwèé. Ọmọ náà mọ iṣẹ́, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ẹnu rẹ̀ náà mú díẹ̀. Ìbíkẹ́, ìyá rẹ̀, ń ránṣọ ní Òkè-Sopen, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwọn èèyàn bàbá rẹ̀, apẹja ni wọ́n ní Efire, létí ọ̀sà, ní Ògùn Wọ́tásáìdì.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí Dókítà ti ìpàdé kan dé láti Èkó. Ó gbọ́ níbẹ̀ pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń mú òṣìṣẹ́ tọwọ́ bọ̀wé pé bí àwọn bá kúrò, àwọn ò ní lọ ṣe irú iṣẹ́ kan náà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, àwọn ò sì ní dá tàwọn sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ńlá! Inú Dókítà dùn dé góńgó. Kò tíì bọ́ bàtà tó fi pe Simeon.

"Kọ ọ́ sílẹ̀. Ọdún márùn-ún."

"Ọdún márùn-ún, sà. Níbo, sà?"

"Ní gbogbo Àgọ́-Ìwòyè." Ó ronú, ó rí i pé Àgọ́ kéré fún òun. "Fi Ìjẹ̀bú-Igbó kún un. Fi Ọ̀rù àti Awa kún un. Fi gbogbo Ògùn Wọ́tásáìdì kún un, títí dé ibi tí omi ọ̀sà ti ń bọ́ sínú òkun."

"Ṣé ká fi òkun náà kún un, sà?"

"Fi òkun sílẹ̀ báyìí ná. Wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, itọ́, ìgbẹ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀, àti ohunkóhun tó bá ti ara ọmọ ènìyàn jáde."

Gbogbo òṣìṣẹ́ ló tọwọ́ bọ̀ ọ́, tó fi mọ́ ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Kí wọ́n má bàa ní ọ̀gá kì í fi àpẹẹrẹ lélẹ̀, Dókítà fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ buwọ́ lù ú, ìbuwọ́lù rẹ̀ sì gba ìdajì ojú ewé. Àìná tó ń gbálẹ̀ nìkan ló béèrè ọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ọmọ ọwọ́ ń bẹ nílé mi. Bí mo bá kúrò níbí, ta ni yóò máa nu ìdí rẹ̀?"

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ìbéèrè gidi ni. Dókítà fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀ títí, ó wá ní kí Simeon fi kún un pé: àyàfi ti ọmọ ẹni.

Nimotalahi ní òun fẹ́ kà á dáadáa ná. Wọ́n ní ẹni tí kò bá buwọ́ lù ú kò ní wọlé lọ́la, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ aláboyún kan ń dúró dè é lórí tábìlì. Ó buwọ́ lù ú, ó sáré padà sídìí iṣẹ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bímọ ní Efire, ẹ̀jẹ̀ ò sì dá lára rẹ̀. Ilé ìwòsàn kékeré kan wà níbẹ̀. Wọ́n ní dókítà, wọ́n ní nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n wọn ò ní ẹni tó lè wá ẹ̀jẹ̀ tó bá tirẹ̀ mu. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò, wọ́n gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n tún gbé e gun ọ̀kadà. Kó tó dé Àgọ́-Ìwòyè, kí èsì tó padà débẹ̀, díẹ̀ báyìí ló kù kí obìnrin náà kú. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ilé ìwòsàn náà ránṣẹ́ pe Nimotalahi pé kó máa bọ̀ wá dá láàbù sílẹ̀ fáwọn, àyè rẹ̀ ń dúró dè é. Nimotalahi sunkún nígbà tó gbọ́. Kò síbi tó tún wù ú láti lọ láyé mọ́.

Ó lọ bá Dókítà. Dókítà nà ró lórí àga rẹ̀.

"Nimotalahi, ṣé o mọ ẹni tí mo jẹ́?"

"Ẹ̀yin ni ọ̀gá wa, sà."

"Ẹkùn ni mí! Ọmọ ẹkùn kì í fi igbó ńlá sílẹ̀ lọ máa bá ẹja gbé. Láti Àṣepé sí Efire! Kí lo fẹ́ máa yẹ̀ wò níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹja?"

"Ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn mi ni, sà."

"Ìwé wà ńlẹ̀ o. Ọdún márùn-ún."

Ọ̀rọ̀ dé etí Ìbíkẹ́ ní Òkè-Sopen. Ìbíkẹ́ ò mọ ìwé kankan. Ohun tóun mọ̀ ni pé ọmọ iṣẹ́ kì í kúrò lẹ́yìn ọ̀gá láìgba fírídọ̀mù. Ọ̀gá á pe ẹbí pe ojúlùmọ̀, á fi irinṣẹ́ lé ọmọ náà lọ́wọ́, á gbàdúrà fún un, á tú u sílẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá sá lọ láìgbà á, iṣẹ́ kì í gbè é. Ló bá di ọ́fíìsì Dókítà, ó sì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Fírídọ̀mù ọmọ mi ni mo wá bẹ̀ yín fún, sà."

"Fírídọ̀mù kẹ̀? Ṣé télọ̀ ni mí ni?"

"Ẹ ju télọ̀ lọ, sà. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Èmi lásán-làsàn yìí, àwọn tí mo ti tú sílẹ̀ kún Ìjẹ̀bú-Igbó. Bí mo bá ń kọjá lọ, 'Ọ̀gá mi! Ọ̀gá mi!' ni wọ́n ń kí mi láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin ńkọ́, sà? Wọ́n máa ń bi mí pé ọmọ iṣẹ́ wo ni ẹni ńlá yìí ti tú sílẹ̀ rí. N kì í mọ èsì."

Bóyá Ìbíkẹ́ mọ ohun tó ń ṣe o, bóyá kò mọ̀, èmi ò bá wọn dé ọ́fíìsì. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Dókítà ò lè jẹ ìkọ́kọrẹ́ tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Òun, ọ̀gá àwọn ọ̀gá, kò tíì tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀ rí! Télọ̀ lásán sì ń tú èèyàn sílẹ̀!

"Simeon," ó ní, "ṣé àdúrà lè ba ìwé jẹ́?"

"Láéláé, sà. Ìwé ní òǹtẹ̀. Ta ló tẹ òǹtẹ̀ sórí àdúrà rí?"

"Ó dáa. Lọ gbé kánópì wá."

Ẹ ò rí i bí? Ó fẹ́ gba iyì ẹni tó tú ọmọ sílẹ̀, kó sì tún máa fa okùn ọrùn ọmọ náà.

Lọ́jọ́ fírídọ̀mù, iwájú Àṣepé kún. Àwọn télọ̀ Òkè-Sopen wá, àwọn apẹja Efire wá, Màmá Hannah àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ jókòó níwájú. Obì, orógbó, oyin àti iyọ̀ wà nílẹ̀. Dókítà wọ kóòtù funfun sórí agbádá. Irinṣẹ́ kàn, ó ní kí wọ́n gbé maikirosikóòpù tó ń dán lórí tábìlì rẹ̀ wá, ó fi lé Nimotalahi lọ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò. Lẹ́yìn fọ́tò, ó ṣẹ́jú sí Simeon pé kó gbà á padà.

Àdúrà ló wá kù. Dókítà ti pinnu pé gbólóhùn kan péré lòun máa wí. Ṣùgbọ́n bó ṣe wí i tán, gbogbo èèyàn bú sí "Àmín!" Hẹ̀n-ẹ́n. Àmín náà wọ̀ ọ́ lára bí ọtí. Ó wí òmíràn. "Àmín!" Àwọn apẹja lohùn, ẹ ṣáà mọ̀ pé àwọn tó ń pe ara wọn láti ọkọ̀ dé ọkọ̀ lórí omi kì í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Dókítà gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ Simeon, ó di ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà gan-an. Ẹ má kánjú, ẹ ó gbọ́ àdúrà náà láìpẹ́ láti ẹnu òun fúnra rẹ̀.

Nimotalahi di ẹrù lọ sí Efire, ó tún láàbù ilé ìwòsàn náà ṣe. Àwọn tó ń gbé ìgò ẹ̀jẹ̀ wá sí Àgọ́-Ìwòyè láti etí omi ò wá mọ́. Dókítà dúró lójú fèrèsé títí, kò rí ọ̀kadà kankan. Inú bí i. Kò sọ fún ìgbìmọ̀, kò sọ fún Màmá Hannah, ó gba lọ́yà, ó gbé Nimotalahi lọ sí kọ́ọ̀tù tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́. Kọ́ọ̀tù ní kí Nimotalahi ṣì dáwọ́ dúró títí ẹjọ́ á fi parí. Wọ́n ti láàbù Efire pa. Ilé ìwòsàn náà ní àwọn á dúró dè é dé ọjọ́ ìdájọ́, ṣùgbọ́n àwọn ò lè dúró fún ọdún márùn-ún. Ọkọ̀ ojú omi tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìgò ẹ̀jẹ̀. Nimotalahi ń bẹ nílé ìyá rẹ̀, ọwọ́ tó mọ ẹ̀jẹ̀ kan yàtọ̀ sí òmíràn ló fi ń bá a rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá lọ́nà Efire, á gbójú sókè. Ó ń dùn ún wọra.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Adájọ́ náà, obìnrin tí kì í pariwo, ka ìwé Dókítà látòkè délẹ̀. Nígbà tó dé ibì kan, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Dókítà, kí ni ìtumọ̀ 'àyàfi ti ọmọ ẹni'?"

Dókítà ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Àìná. Kọ́ọ̀tù rẹ́rìn-ín. Dókítà náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé wọ́n ń yin òun.

"Ṣé àṣírí kan wà tí ọmọ yìí kó lọ? Oògùn kan, tàbí ọ̀nà àyẹ̀wò kan tó jẹ́ tiyín nìkan?"

"Olúwa mi, iyì mi ló kó lọ."

Lọ́yà Mùbàṣírù, tó ń ṣe agbẹjọ́rò Nimotalahi, dìde. Ó ní bí ìwé náà tilẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá, ọ̀gá ti tú ọmọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó pe Ìbíkẹ́ kó wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ fírídọ̀mù.

"Ó gbàdúrà fún un," Ìbíkẹ́ ní. "Ó ní kí Ọlọ́run bá a ṣe é. A ṣe àmín, a lọ jẹun. Alihamudulilahi."

"Ó tán?"

"Ó tán, sà. Àdúrà kékeré ni."

Kékeré! Dókítà fò dìde. Lọ́yà rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́, torí àdúrà kékeré ò lè ba ìwé jẹ́. Ó gbá etí agbádá Dókítà mú pé kó jókòó. Dókítà já agbádá rẹ̀ gbà.

"Irọ́ ni, Olúwa mi! Àdúrà mi kì í kéré! Ẹ jẹ́ kí n wí i bí mo ṣe wí i!"

"Dókítà, ẹ jókòó," ni lọ́yà rẹ̀ ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Wọn ò lè gé àdúrà mi kúrú níṣojú mi!" Ó tún agbádá ṣe, ó di ojú. "Mo ní: Èmi Zechariah Adédoyin, ojú tó ń rí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀, mo tú ọ sílẹ̀ lónìí tọwọ́tẹsẹ̀! Lọ dá tìrẹ sílẹ̀! Bó o bá ṣe é ní Ìjẹ̀bú-Igbó, á gbè ọ́!"

"Àmín," ni ẹnìkan wí lẹ́yìn. Àwọn apẹja Efire kún ibẹ̀, Màmá Hannah àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ náà sì wà láàárín wọn.

"Bó o bá ṣe é ní Awa, á gbè ọ́!"

"Àmín!"

"Bó o bá ṣe é létí ọ̀sà, omi ọ̀sà á máa gbé oníbàárà wá bá ọ!"

"Àmín o!" Akọ̀wé kọ́ọ̀tù náà ti bá wọn dá sí i, ó yára fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹni tó bá ní kó o má ṣe é…" Ibẹ̀ ni Dókítà ti la ojú. Ó rí lọ́yà rẹ̀ tó fi fáìlì bojú. Ọ̀rọ̀ náà ti wá yé e wàyí, òógùn sì bò ó. Ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ti la ẹnu sílẹ̀, wọ́n ń dúró de ìyókù. Ẹ sọ fún mi, ta ló lè rí irú àmín tó ti ṣe tán bẹ́ẹ̀ kó fi í sílẹ̀?

"Ẹ parí rẹ̀, sà," Mùbàṣírù ní jẹ́jẹ́. "Ó ń dùn."

"…kí iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ bọ́," Dókítà wí i tán, "níṣojú gbogbo ayé!"

"ÀMÍÍÍN!"

Adájọ́ ò pẹ́ dájọ́. Ó ní òfin kò kọ̀ kí ọ̀gá dáàbò bo àṣírí iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tó wà lórí òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́ ló ni ín. Ó ní Àṣepé ò ní àṣírí kankan tó ń ṣọ́. Oníbàárà ló ń dì mú. Ó ní ọdún márùn-ún ti pọ̀ jù, ilẹ̀ tó kó sínú ìwé ti fẹ̀ jù, ìyà rẹ̀ sì ń jẹ àwọn aláìsàn tí wọn ò bá ẹnikẹ́ni tọwọ́ bọ̀wé. "Nítorí náà," ó ní, "ìwé yìí ò lè de Nimotalahi, kò sì lè de ẹnikẹ́ni tó buwọ́ lù ú. Bó bá tilẹ̀ lè dè é, Dókítà ti tú u. Ilé ẹjọ́ yìí sì gbọ́ bó ṣe tú u."

Nimotalahi di mọ́ ìyá rẹ̀, ẹkún ayọ̀ ni wọ́n jọ ń sun.

Dókítà rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ rẹ̀ fọn fèrè lẹ́nu géètì, ẹnikẹ́ni ò jáde wá tò. Simeon ò wá gba báàgì. Ó bá Màmá Hannah àti ìgbìmọ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀. Orí àga Dókítà gan-an ni Màmá jókòó sí.

"Zechariah," Màmá ní, "èmi ni mo kọ́ ọ ní ABD, mo sì mọ̀ pé etí rẹ kì í gbọ́ràn látìgbà náà. Ta lo sọ fún kó o tó gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ sí kọ́ọ̀tù lórúkọ wa?"

"Ẹ má bínú, Mà. Ẹ má lé mi."

"A ò lé ọ. Ta ló lé ọ? Ìwọ lo gbàdúrà. Àwa ṣe àmín lọ́jọ́ fírídọ̀mù, a tún ṣe é lánàá. Àgbàlagbà tó ti ṣe àmín lẹ́ẹ̀mejì, báwo ló ṣe fẹ́ padà sọ pé òun ò fẹ́ kó ṣẹ?"

Dókítà gbé báàgì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó wúwo ju bó ṣe rò lọ.

Ó wá iṣẹ́ ní Ọ̀rù, kò rí. Ó wá a ní Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n ní kó tẹ̀ mọ́ maikirosikóòpù kó sọ ohun tó rí. Ó ní àìsàn náà le. Ìgbà tó yá ló rántí pé òun náà buwọ́ lu ìwé má-ṣiṣẹ́, àti pé bí kò bá jẹ́ pé Nimotalahi jàre, ìwé ara òun ì bá de òun mọ́lẹ̀ láti ibẹ̀ títí dé ẹnu òkun. Ọ̀rọ̀ yìí mú un ronú jinlẹ̀. Ó wọ ọkọ̀, ó di Efire.

Ìbíkẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà láàbù, ó wá kí ọmọ rẹ̀. Dókítà dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, díẹ̀ náà kì í ṣe kékeré fún un.

"Iṣẹ́ ni mo ń wá o, ìyá."

"Ó dáa, sà. Níbi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀, ṣé wọ́n ṣe fírídọ̀mù fún yín?"

Dókítà wolẹ̀. "Wọn ò ṣe é."

"Yéè! Ìyẹn ni pé ẹ ò tíì kọ́ṣẹ́ tán nìyẹn."

Nimotalahi jáde síta, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú rọ́bà ìbọ̀wọ́. Ó wo ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ látòkè délẹ̀. Inú ṣì ń bí i díẹ̀, kí n má tàn yín, ṣùgbọ́n àwọn ìgò ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀ pọ̀ ju ọwọ́ ẹnì kan lọ. Ó fa àga kan sídìí maikirosikóòpù, ó ní kí Dókítà jókòó. Dókítà tẹ̀ mọ́ ọn, ó wò ó títí.

"Kí lẹ rí, sà?"

Ó ti fẹ́ sọ pé àìsàn náà le. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. "Mi ò mọ̀," ó ní.

"Irun ìpéǹpéjú yín ni. Ẹ fà sẹ́yìn díẹ̀." Dókítà fà sẹ́yìn. Ó sì rí ẹ̀jẹ̀, roboto-roboto, pupa, ó dára lójú. Kò mọ ìgbà tó rẹ́rìn-ín. Nimotalahi náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ máa kọ́ ọ lọ, sà. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n tán, a ó ṣe fírídọ̀mù fún yín. Yèyé mi ló máa gbàdúrà, kò sì ní gùn."